Ìlẹ̀kùn Tí Mo Fọ̀

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún, 2024

Àgọ́ ti dé orí koríko níwájú ilé ìkàwé yunifásítì. Mo kà wọ́n láti ojú fèrèsé bí mo ṣe ń nu gíláàsì — mẹ́tàdínlógún. Mo ń gbàdúrà pé kí ọmọ mi má sí níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Dárasími, ọmọ ogún ọdún, òun gan-an ló ń kan igi àgọ́ mọ́lẹ̀. Ó rí mi nínú aṣọ iṣẹ́ mi, ó sáré wá dì mọ́ mi lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọdún méjì tí a ti jọ wà níbí — òun akẹ́kọ̀ọ́, èmi agbálẹ̀ — kò fi mí pamọ́ rí.

Inú mi dùn. Àyà mi sì ń já. Ó ní àwọn ò ní kúrò títí yunifásítì yóò fi yọ owó rẹ̀ kúrò nínú àwọn iléeṣẹ́ tó ń ta ohun ìjà fún Ísírẹ́lì. Mo ní ta ni yóò sùn lórí koríko nínú òtútù yìí. Ó kàn rẹ́rìn-ín.

Bọ́ọ̀sì pẹ́. Wọ́n tún ti wó ilé kan sí i ní Gascoigne, àdúgbò wa nílùú òyìnbó níbí. Eruku bo ojú fèrèsé wa.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹta

Mo gbé ẹ̀wà àti dòdò lọ fún wọn. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n fọ abọ́ mi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ karùn-ún

Ilé ìjọsìn wa, lókè ṣọ́ọ̀bù táyà ní River Road. Mo bọ́ bàtà, mo wọ sùtánà mi. Olùṣọ́ ìjọ ní ká gbàdúrà fún Jerúsálẹ́mù, kí Ọlọ́run ṣẹ́gun gbogbo ọ̀tá Ísírẹ́lì. Mo ṣe Àmín. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣe Àmín yẹn.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo rántí Ummuhani. Ọ̀rẹ́ Dárasími ni, Mùsùlùmí, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí Dagenham. Bí aago méjìlá ọ̀sán bá ti lù, á dúró láàárín àwọn àgọ́, á máa ka orúkọ àwọn ọmọdé tó kú ní Gásà, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ọmọ oṣù méje. Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tó kan ọmọ oṣù méje, mo fi igi ìnulẹ̀ ti ògiri. Mi ò lè nu ilẹ̀ náà lọ.

Ísírẹ́lì inú Sáàmù. Ísírẹ́lì inú fóònù Dárasími. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń gbé méjèèjì sínú orí kan ṣoṣo.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ

Onífìlà Kékeré kí mi lónìí bí ìṣe rẹ̀. Reuben ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Júù, ọmọlúàbí. Òun àti àwọn bíi mẹ́jọ ló ń gbàdúrà ní yàrá kékeré tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní àjà kejì. Lọ́dún tó kọjá òun àti Dárasími jọ wà ní kíláàsì kan. Dárasími ló kọ́ ọ ní "Ẹ káàárọ̀ mà", kò sì gbàgbé rẹ̀ láti ìgbà náà.

Mo bi í léèrè àlàáfíà ilé. Ó ní ìbátan ìyá òun kan wà lára àwọn tí wọ́n jí kó lọ sí Gásà ní oṣù Kẹwàá, wọn ò tíì gbúròó rẹ̀. Ó ní òun ò gba orí koríko kọjá mọ́, ẹ̀yìnkùlé lòun ń gbà. Mo ní Ọlọ́run yóò mú un padà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Èyí le láti kọ.

Oníkọ́kọ́rọ́ — Ọláṣẹ́gun, ọ̀gá àwa agbálẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ máa ń dún ní ìbàdí rẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ — pè mí ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀. Ó ní iṣẹ́ kan wà ní àjà kejì, kí n tètè ṣe é, kí n má sì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́.

Ìlẹ̀kùn yàrá àdúrà àwọn Júù ni. Ọ̀dà pupa. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà gàdàgbà: Ẹ̀yin Júù, ẹ padà síbi tí ẹ ti wá.

Ọ̀dà náà ti gbẹ. Mo da oògùn tó ń yọ ọ̀dà sí i, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ha á. Mi ò tíì ha á dé ìdajì tí Onífìlà Kékeré fi dé. Ó dúró. Ó ka èyí tó kù. Mo ní kó yà á sí fóònù rẹ̀ kí n tó pa á rẹ́. Ó mi orí. Sábáàtì ni, kì í fọwọ́ kan fóònù títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ilé ló tilẹ̀ fi í sí.

Tèmi wà nínú àpótí wa nísàlẹ̀. Mo lè sáré lọ mú un. Mi ò lọ. Mò ń gbọ́ kọ́kọ́rọ́ ọ̀gá mi lórí àtẹ̀gùn.

Kí àwọn yòókù tó dé, ọ̀rọ̀ náà ti parẹ́, ó ku àbàwọ́n. Wọ́n wọlé. Wọ́n ń gbàdúrà nínú, mò ń ha ìlẹ̀kùn níta. Nígbà tí wọ́n jáde, ó ti mọ́ tónítóní.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá

Reuben lọ fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì. Wọ́n ní kò sí ohun tó jọ ọ́ nínú ìwé àwọn. Kámẹ́rà ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ti kú láti ọdún tó kọjá. Oníkọ́kọ́rọ́ ní ìdọ̀tí lásán lòun ní kí n fọ̀. Àwọn tó wá gbàdúrà lẹ́yìn rẹ̀ ní ìlẹ̀kùn tó tutù làwọn bá.

Lọ́sàn-án Dárasími gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní irọ́ ni Reuben pa, ó ní wọ́n hun ún láti fi lé àwọn kúrò, ó ní ẹni tó bá rí i kó mú ẹ̀rí wá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mò ń kó pàǹtírí níbi tí kò jìnnà sí wọn. Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Mi ò tíì sọ fún un pé èmi ni mo fọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo bu oúnjẹ, mo tún dà á padà sínú ìkòkò.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Reuben bá mi lẹ́bàá ẹ̀rọ agbéniròkè. Ó ti de fìlà àwọn eléré ìdárayá bo ti tẹ́lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní torí àwọn tó ń wo òun nínú ọkọ̀ ojú irin ni. Mo rò pé yóò bẹ̀ mí kí n wá jẹ́rìí. Kò bẹ̀ mí. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí.

"Mà, ṣé ẹ rí i?"

Mo ní mo rí i.

Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, pé òun ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì ojú ara òun. Ó dúpẹ́, ó lọ. Bó bá ṣe pé ó bẹ̀ mí ni, ǹ bá rí nǹkan kọ̀ fún un.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Dárasími wálé wá wẹ̀. Mo dúró títí ó fi múra tán, mo wá sọ fún un: ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn kì í ṣe irọ́, ọwọ́ mi yìí ló fọ̀ ọ́.

Mo sì sọ ohun tí mi ò sọ fún un rí. Ọdún 2006, ilé tí à ń gbé nígbà náà ní Parsloes. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà náà. Akínrẹ̀mí, bàbá rẹ̀ — kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere — ṣí ìlẹ̀kùn kó máa lọ síbi iṣẹ́, ó sì bá ọ̀dà lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà. Àwa dúdú ni wọ́n ń bá wí. Àwa méjèèjì fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ kí ọmọ tó jí. Obìnrin tó ń gbé ní òdìkejì ń wò wá láti ojú fèrèsé. Nígbà tí Akínrẹ̀mí bẹ̀ ẹ́ kó bá wa jẹ́rìí ní káńsù, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Ẹni tó kọ ọ́, mi ò mọ̀ ọ́n, ó ti kúrò lọ́kàn mi. Obìnrin yẹn ni mi ò tíì dárí jì.

Dárasími jókòó. Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo rò pé ó ti yé e.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹnu yín ni wọ́n máa fi lé wa."

Ó ní àwọn ọmọdé ń kú lójoojúmọ́, ọ̀dà ara ìlẹ̀kùn lèmi ń sọ. Mo ní mo mọ̀ pé ọ̀dà ni. Mo ní ta ló kọ́ ọ pé nítorí ọ̀ràn ńlá, kójú rẹ má rí kékeré. Ó ní mi ò mọ ohun tó wà nílẹ̀. Ó ká táwẹ̀lì rẹ̀, ó lọ. Kò jẹ oúnjẹ tí mo bù kalẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo kúnlẹ̀. Mi ò gbàdúrà. Mo dìde.

Ọjọ́ Ajé, ogúnjọ́

Mo lọ.

Obìnrin kan ló ń gba ẹjọ́ ní ọ́fíìsì yẹn. Oníwèé ni màá máa pè é. Mo sọ ohun tí mo rí, ọjọ́ tí mo rí i, ẹni tó rán mi. Ó bi mí bóyá àwọn ará àgọ́ ló kọ ọ́. Mo ní mi ò mọ̀. Ó tún un bi lọ́nà mìíràn. Mo ní mi ò mọ̀. Ó yí i po, ó tún gbé e dé. Mi ò mọ̀.

Nígbà tí mo jáde, Oníkọ́kọ́rọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ òun ló wá ta òun. Mo ní kó má bínú. Mo ní irọ́ náà ti wúwo jù fún mi ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlélógún

Oníwèé tẹ ọ̀rọ̀ mi jáde sórí tákàdá, ó ní kí n fọwọ́ sí i. Mo fi ìka tẹ̀ lé e, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ìlà kẹrin: "èyí tí àwọn tó wà nínú àgọ́ kọ."

Mo ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi nìyí. Ó ní àkópọ̀ ni, pé ìtumọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀. Mo ní ó yàtọ̀. Ó rọra ń sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, pé gbogbo èèyàn ló mọ̀. Mo ní tí gbogbo èèyàn bá mọ̀, kí gbogbo èèyàn fọwọ́ sí i.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ́n fẹ́ kí n dín ohun tí mo rí kù. Ní báyìí wọ́n fẹ́ kí n fi kún un. Mo gbé kálàmù sílẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Wọ́n ti gbé mi kúrò. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ilé ọ́fíìsì kan ní Rush Green ni màá máa gbá. Bọ́ọ̀sì méjì. Wọ́n ní kì í ṣe ìjìyà.

Mo gba ẹ̀gbẹ́ koríko kọjá nígbà tí mò ń lọ dá aṣọ iṣẹ́ padà. Àwọn kan kọ ẹ̀yìn sí mi. Àwọn tó jẹ ẹ̀wà mi. Ummuhani nìkan ló dìde, ó kúnlẹ̀ kí mi níbẹ̀, nínú ẹrẹ̀. Mo sọ fún un pé mi ò fọwọ́ sí ìwé, àti ibi tí wọ́n ń gbé mi lọ. Dárasími wà nínú àgọ́, mo rí bàtà rẹ̀. Kò jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ní Rush Green. Mo dé ilé, mo bá Dárasími nínú kíṣìnnì pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Ummuhani ti sọ fún un pé mi ò fọwọ́ sí ìwé, ó sì ti sọ ibi tí wọ́n gbé mi lọ.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti fìríìjì. Ó ní:

"Mo mọ̀, Mọ́mì. Mo ti mọ̀ kí n tó gbé ẹ̀rọ yẹn sẹ́nu."

Ọ̀kan nínú wọn ló kọ ọ́. Mi ò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí. Kò tíì ju ọjọ́ méjì lọ tó dé àgọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ọjọ́ tí mo fọ ìlẹ̀kùn, Dárasími bá a nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń fọ ọ̀dà pupa kúrò lọ́wọ́. Ẹ̀rín ló ń rín nígbà tó sọ ohun tó ṣe fún un. Dárasími lé e lọ, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ìdí. Ọjọ́ Ajé dé, ó gbé ẹ̀rọ, ó pe Reuben ní òpùrọ́. Ó ní òun rò pé bí òun bá sọ ọ́, kò sẹ́ni tí yóò tún dúró gbọ́ orúkọ àwọn ọmọ yẹn mọ́.

Ó ń ṣe mí bíi kí n gbá a létí. Ó tún ń ṣe mí bíi kí n gbé e mọ́ra. Mo jókòó tì í sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìlà kẹrin yẹn, òótọ́ ni. Òótọ́ tí mi ò mọ̀ ni mo kọ̀ láti fọwọ́ sí. Mi ò kábàámọ̀, ṣùgbọ́n ó ń wúwo lọ́kàn mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ó bi mí pé kí lòun máa ṣe. Mo ní ó mọ̀ ọ́n. Mo gbé ọbẹ̀ kaná fún un.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ó lọ láàárọ̀, kò jẹ́ kí n bá òun lọ. Ìrọ̀lẹ́ ló tó ròyìn.

Ọ̀dọ̀ Reuben ló kọ́kọ́ lọ. Ó dúró dè é lẹ́nu yàrá àdúrà. Reuben gbọ́ ọ lórí ìdúró. Ó bi í bóyá ó ti mọ̀ nígbà tó ń pe òun ní òpùrọ́ lójú gbogbo ayé. Dárasími ní bẹ́ẹ̀ ni. Reuben ní òun ti gbọ́, pé òun ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lónìí. Ó wọlé, ó rọra ti ìlẹ̀kùn.

Ó lọ sọ́dọ̀ Oníwèé, ó dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ó lọ sáàárín àgọ́, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Àwọn kan hó lé e lórí. Ọ̀kan pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ummuhani dúró tì í títí ó fi sọ tán. Lẹ́yìn náà aago méjìlá lù, Ummuhani gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ. Dárasími ní òun jókòó sórí koríko, òun gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

Ní aago mẹ́rin lẹ́tà dé sórí fóònù gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Kí àgọ́ kúrò kó tó di ọjọ́ Ajé. Àtíbàbà ayẹyẹ ìgboyè ni wọ́n fẹ́ nà síbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí koríko náà jí padà ṣáájú ọjọ́ ayẹyẹ.

Ó kà á fún mi nídìí tábìlì. Ó tún un kà, jẹ́ẹ́jẹ́ báyìí, ó ń fi àtàǹpàkò tì í sókè, ó ń tì í sísàlẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń wá.

Ó ní ìlẹ̀kùn náà. Kò sí níbẹ̀. Àwọn ọmọ Gásà náà kò sí níbẹ̀.