Ìwé Ẹ̀rí Tí Wọ́n Fọwọ́ Sí Nínú Mọ́tò

Ilé Kẹrìnlá, Òpópónà Tenter,
Harclough.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, ọdún 2019.

Hilary, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Duncan ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Mo gbà á ládùúrà pé kí ara yín le koko bí òtútù Aberdeen ṣe ń mú tó. Ní tèmi, ara dá. Eékún ọ̀tún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu bí òjò bá fẹ́ rọ̀, o sì mọ̀ pé níbí, ojoojúmọ́ ni òjò ń fẹ́ rọ̀.

Inú ló ń bí mi tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí, n kò ní fi í pamọ́ fún ọ. Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ Ajé, ṣe ni o rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. O ní, "Dádì, ṣé ẹ ò rò pé ó yẹ kẹ́ ẹ lọ rí dókítà?" Ìgbà tí mo fúngun mọ́ ọ lo tó jẹ́wọ́ pé Nigel Pomfret, alága ẹgbẹ́ ayìnbọn wa, ló pè ọ́. Ó ní ọpọlọ mi ti ń jó rẹ̀yìn, pé mò ń rí ohun tí kò ṣẹlẹ̀, kí o bá òun bẹ̀ mí kí n gba ìwé tí mo kọ sí àwọn ológun padà. Ọmọ mi, wàyí o, gbọ́ tẹnu èmi náà.

O mọ̀ pé pápá ìbọn àwọn ológun tó wà lókè Stanner ni ẹgbẹ́ wa ti ń yìnbọn sí àmì. Àwọn ológun kò kọ̀ fún wa, ṣùgbọ́n òfin wọn ni pé ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí ààbò kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn níbẹ̀. Alága ẹgbẹ́ ló ń dán ènìyàn wò, òun ló sì ń fọwọ́ sí i. Nígbà tó kàn mí lóṣù Kọkànlá, wákàtí méjì gbáko ni Nigel fi yí mi po. Mo fi hàn án pé ihò ìbọn mi ṣófo, mo ki àsíá kékeré bọ̀ ọ́ kí gbogbo ojú lè rí i pé kò sí ọta nínú rẹ̀, mo dáhùn gbogbo ìbéèrè. Àfi ìgbà tó kígbe "Ẹ dáwọ́ dúró!" lẹ́yìn mi tí n kò gbọ́, nítorí bátìrì ẹ̀rọ tí mo ń kì sétí fi gbọ́rọ̀ ti kú. Ó ní mo fìdí rẹmi. N kò jiyàn. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń yìnbọn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá gbọ́ "dáwọ́ dúró" kò yẹ nídìí ìbọn. Mo ra bátìrì tuntun, mo padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, mo sì yege.

Lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejì, èmi àti Maureen Oddie ló kàn láti wà nínú kòtò lábẹ́ àwọn àmì, níbi tí a ti ń gbé wọn sókè tí a sì ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀. O rántí Maureen, òun ló ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé yín. Nígbà tó yá, férémù kẹta, igi tó gbé àmì dúró, há. Mo sọ ọ́ sórí rédíò. Nigel, tó ń darí àwọn tó ń yìnbọn lọ́jọ́ náà, dá mi lóhùn pé, "Gbogbo ìbọn ti ṣófo. Ẹ lè jáde." A ta àsíá pupa, a gun òkè kòtò, Maureen sì fọwọ́ di férémù náà mú.

Ni ìbọn bá ró. Hilary, mo ti gbọ́ ìró yẹn láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ọ rí láìsí ògiri níwájú mi. Igi férémù fọ́ yángá, ẹ̀rún igi kan sì ya Maureen lẹ́rẹ̀kẹ́ títí dé etí. Ó jókòó sórí koríko tútù, ó wò mí, ó ní, "Clement, ṣé etí mi ṣì wà níbẹ̀?" Mo ní ó wà níbẹ̀. Kí n tó nawọ́ sí sikáàfù ọrùn mi láti fi dí ojú ọgbẹ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ti tú u.

Giles, ọkọ ọmọ Nigel, ló yìnbọn. Ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ lórí pápá nìyẹn. Nígbà tí Nigel ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, Giles rò pé kó ṣáà má yìnbọn mọ́ ni, kò yọ ọta kúrò. Bó ṣe ń dìde, ìka rẹ̀ fa ohun tí kò yẹ kó fà. Nigel kò sì wo ihò ìbọn kankan kó tó sọ fún wa pé gbogbo rẹ̀ ti ṣófo.

Èyí tó dùn mí jù ni ohun tó tẹ̀ lé e. Nigel ṣí ìwé tí a fi ń ṣàkọsílẹ̀ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lórí pápá fún àwọn ológun, ó kọ "Kò sí ìṣẹ̀lẹ̀ kankan" síbẹ̀, ó sì na gègé sí mi kí n fọwọ́ sí i. Mo ní, "Nigel, ẹ̀jẹ̀ kí wá ni ti ara Maureen yìí? Ti ẹran ni?" Ó ní, "Igi lásán ló ha á. Má ba ti gbogbo wa jẹ́ o, Clement. Bí wọ́n bá ti pápá yìí mọ́ wa, níbo lo fẹ́ máa gbé ọjọ́ ogbó rẹ lọ?" Mo ju gègé sílẹ̀, mo gbé Maureen lọ sílé ìwòsàn. Ojú abẹ́rẹ́ méje ni wọ́n fi rán an.

Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ ilé ẹgbẹ́ wà, nítorí náà mo lọ wo fáìlì ìdánwò. Ìwé ti Giles wà níbẹ̀: ó yege nínú ohun gbogbo, nínú ilé ẹgbẹ́, lọ́jọ́ kejìlá oṣù Kínní. Ọjọ́ kejìlá oṣù Kínní! Ọjọ́ tí páìpù bẹ́, tí omi mù mí dé kókósẹ̀, tí Nigel fúnra rẹ̀ pè mí pé kí n ti ilé náà pa mọ́ gbogbo ènìyàn. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀ pẹ̀lú garawa àti sípánà. Àwọn mẹ́rin mìíràn tún ní ọjọ́ kan náà lórí ìwé wọn, gbogbo wọn ló sì ń bá Nigel mutí. Èmi, wákàtí méjì. Àwọn, ìlà kan pẹ̀lú gègé.

Mo kọ ojú ewé kan sí ọ́fíìsì àwọn ológun tó ń bójú tó pápá. Maureen kò kọ́kọ́ fẹ́, ó ní òun ò lágbára wàhálà. Mo wá fi ọjọ́ tó wà lórí ìwé Giles hàn án. Ó gba gègé lọ́wọ́ mi, ó sì fọwọ́ sí ìwé tí mo kọ náà lábẹ́ orúkọ mi.

Àwọn ológun ti pápá mọ́ wa títí a ó fi tún gbogbo ìdánwò ṣe. Láti ìgbà náà ni mo ti di olófòófó. Trevor, ọmọ ẹgbẹ́ wa, tí mo bá tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, kẹ́yìn sí mi ní ilé búrẹ́dì, ó ń sọ fún obìnrin tó ń tajà pé, "Àwọn kan ń bẹ tí kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbádùn." Ẹni tó purọ́ ń bẹ níbẹ̀, ẹni tó yìnbọn ń bẹ níbẹ̀, èmi tí mo sọ ọ́ ni ẹlẹ́ṣẹ̀! Irú ayé wo nìyẹn?

Ní Sátidé tó kọjá, Sájẹ́ńtì Beddoes láti ọ̀dọ̀ àwọn ológun wá dán gbogbo wa wò. Obìnrin kúkúrú ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń mi fèrèsé. Nígbà tó kan Giles, ó bi í pé, "Ta ló dán ọ wò tẹ́lẹ̀? Kí ló ní kó o ṣe?" Nigel wúkọ́ lẹ́yìn wa. Giles kò bojú wẹ̀yìn. Ó wá ní, "Ẹnikẹ́ni ò dán mi wò, mà. Inú mọ́tò ni bàbá ìyàwó mi ti ní kí n fọwọ́ sí i." Ó yọ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lápò, ó fi lé Sájẹ́ńtì lọ́wọ́. Nigel bọ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Sátidé ni Giles jẹ́wọ́ lójú gbogbo wa. Ọjọ́ Àìkú, ìyẹn ọjọ́ kejì, ni Nigel pè ọ́ pé orí bàbá rẹ ti ń dàrú. Bí mo bá kọ̀wé pé mo ṣàṣìṣe, ìwádìí tí àwọn ológun ń ṣe nípa ìbọn yẹn yóò kú. Ohun tó ń wá lọ́dọ̀ rẹ nìyẹn, ọmọ mi, kì í ṣe ìlera mi. N kò ní gba ìwé náà padà. Kí wọ́n lé mi nínú ẹgbẹ́ bí wọ́n bá fẹ́. Mo wà lórí kòtò yẹn, mo sì mọ bí ọta náà ṣe súnmọ́ orí Maureen tó.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé yín. Àwọn ọmọ rẹ kò ní fojú kéré rẹ. Ẹni tí yóò bá ọ sọ òtítọ́ kò ní wọ́n ọ, ìwọ náà kò sì ní bẹ̀rù láti sọ ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ, tí orí rẹ̀ pé,
Clement Thwaite.

Mo gbàgbé: Giles kan ìlẹ̀kùn láàárọ̀ yìí, ó dúró nínú òjò, kò fẹ́ wọlé. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀." Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni yóò fi gbé ìbọn òfìfo kó tó rí ọta. Ó gbà. Mo tún sọ fún un pé èmi kọ́ ni n ó dán an wò lẹ́yìn náà kó tó padà lọ bá Sájẹ́ńtì, Maureen ni. Ojú rẹ̀ funfun báláú, ṣùgbọ́n ó ní òun yóò wá.