Ẹ Má Yá Bẹ́ńṣì Mọ́

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ìtọ́jú àwọn tó kù sílé. Ìyá mi, mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìhín. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Mojísọ́lá, àbúrò mi, mo kí ọ. Torí tìẹ gan-an ni mo ṣe jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Bàbá, ẹ má bínú pé mo kọ ọ́ síta, tí mo sì ní kí wọ́n kà á níwájú gbogbo òbí nípàdé. Mo mọ̀ yín. Bó bá dé ọwọ́ yín nìkan, ẹ ó kà á, ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó ká a sínú Bíbélì, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Ẹ̀yin ni alága àwọn òbí ní ilé ìwé girama wa, ọ̀rọ̀ yìí sì ju ti ilé wa nìkan lọ.

Ó rẹ̀ mí, kí n má purọ́. Òtútù ti tún dé sí òkè òkun níbí, òtútù tó ń wọ eegun, ilẹ̀ sì ti máa ń ṣú kí n tó parí iṣẹ́. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ẹ mọ̀ ọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kì í sọ ọ́ bí àwọn ará Ìjàrà-Ìsin bá bi yín: mò ń nu ilẹ̀ ilé ìwé girama kan. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́ta kọ́ àwọn ọmọ yín ní Kẹ́místírì, tó jẹ́ pé iṣu ni ẹ̀yin òbí ń dá jọ san fún mi. N kò fi iṣu yẹn ṣẹ̀sín. Mo jẹ ẹ́, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n iṣu nìkan kò gbọ́ bùkátà, ìdí tí mo fi lọ nìyẹn, kò sì tíì sí ẹni tó gba ipò mi láti ìgbà náà. Bí mo bá ń nu tábìlì yàrá sáyẹ́ǹsì wọn níbí, tí mo rí àwọn ìgò tí wọ́n tò, mo máa ń dúró wò wọ́n. Kò sẹ́ni tí mo lè ṣàlàyé fún. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé ẹ̀yìn ló ń dùn mí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ẹ pè mí, ohùn yín sì dùn. Ẹ ní àwọn alábẹ̀wò ìjọba ń bọ̀, pé nínú gbogbo ilé ìwé agbègbè wa, wọn yóò yan díẹ̀ tí wọn yóò tún ṣe, tí wọn yóò sì fún ní tíṣà. Inú mi dùn. Lẹ́yìn náà ni ẹ sọ èyí tó kù: pé pásítọ̀ ti yọ̀ǹda bẹ́ńṣì ìjọ, pé lèmọ́mù ti ní kí ẹ wá kó àga oníke tí wọ́n fi ń ṣe wáàsí, pé ìyá mi ti ṣa iṣu tí wọn yóò gún sọ́tọ̀. Ẹ ní kí n pe ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ni ní Òmù-Àrán, kó tún yá wa ní àwọn ìgò sáyẹ́ǹsì bíi ti ìjọ́sí. Mo ní mo gbọ́. Mo pa fóònù, mo jókòó sórí ibùsùn.

Bàbá, ṣé ẹ rántí ìjọ́sí? Èmi gan-an ni mo sáré sókè sódò rẹ̀, n kò lè nàka sí ẹnikẹ́ni. A kó bẹ́ńṣì ìjọ wọ kíláàsì. A wọ yúnífọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí kíláàsì lè kún. Mo yá ìgò ní Òmù-Àrán, mo bu sóbò sínú díẹ̀, mo po búlúù tí a fi ń fọṣọ sínú àwọn yòókù, mo tò wọ́n sójú fèrèsé, wọ́n ń dán bíi kẹ́míkà gidi. A ní àlejò kò gbọdọ̀ rí ìhòòhò wa. Àwọn alábẹ̀wò rìn yíká, wọ́n jẹ iyán, wọ́n yìn wá, a tún kó iṣu sí bùútù ọkọ̀ wọn. Ohun tí a fi hàn wọ́n náà ni wọ́n kọ sílẹ̀, pé ilé ìwé yìí kò ṣaláìní. Tíṣà sáyẹ́ǹsì tí à ń retí, ibòmíì ni wọ́n gbé e lọ. Lọ́jọ́ kejì, ìjọ wá kó bẹ́ńṣì wọn, àwọn ọmọ sì padà sórí búlọ́ọ̀kù.

Lọ́dún tó ń bọ̀, Mojísọ́lá yóò ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá. Ó fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Lóṣù tó kọjá, ó bi mí lórí fóònù pé báwo ni pípẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń fa kẹ́míkà ṣe rí, ṣé ó jọ abẹ́rẹ́ dókítà. Kò tíì fojú kàn án rí. Mo ya fọ́tò rẹ̀ níbi iṣẹ́, mo fi ránṣẹ́ sí i, mo sì lọ sunkún nínú yàrá tí a ń kó ìgbálẹ̀ sí. Nígbà tí mo bi yín pé ẹni mélòó ló yege Kẹ́místírì nínú àwọn tó jáde kẹ́yìn, ẹ ní ká sọ̀rọ̀ míì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí níbí. Òrùlé ilé ìwé tí mò ń nù yìí ń jò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, a sì máa ń gbé báàkẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn alábẹ̀wò tiwọn ń bọ̀, n kò dúró kí ẹnikẹ́ni rán mi: mo gbé báàkẹ́ẹ̀tì pamọ́, mo nu omi, mo tẹ́ rọ́ọ̀gì síbẹ̀. Ọmọ Ìgbómìnà ni mí, ta ni yóò kọ́ mi bí a ṣe ń gbàlejò? Ọ̀gá ilé ìwé, obìnrin kan tó ti hewú, bá mi níbẹ̀. Kò bínú. Ó ká rọ́ọ̀gì, ó wá báàkẹ́ẹ̀tì náà jáde fúnra rẹ̀, ó gbé e padà sábẹ́ ibi tó ń jò, ó ní òun ti ń gbàdúrà kí òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ojú tì mí gan-an. Sóbò inú ìgò ni mò ń rántí.

Bàbá, n kò pe ọ̀rẹ́ mi, n kò sì ní pè é. Ẹ ó ní mo ti gbọ́n ju àgbà lọ. Rárá o. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ ba ilé ìwé náà jẹ́. Ìjọba tó ni ín ló gbàgbé rẹ̀, bí kì í bá ṣe iṣu yín, wọn ì bá ti tì í pa. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n á rí gbogbo rẹ̀ kí wọ́n má ṣe nǹkan kan. Ìyẹn náà ń bà mí lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi egbò pamọ́ fún oníṣègùn, kí ni oníṣègùn fẹ́ wẹ̀? Ẹ gún iyán fún wọn, iyán ò lẹ́ṣẹ̀. Ẹ kí wọn tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Bí wọ́n bá wọ kíláàsì, tí wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò jókòó sí, kí Mojísọ́lá dìde fún àgbà bí ẹ ṣe kọ́ ọ, kó sì fún wọn ní búlọ́ọ̀kù tirẹ̀.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, ojú wa á tún ríra láyọ̀. Ẹ bá mi kí pásítọ̀ àti lèmọ́mù, kí wọ́n má bínú pé mo ní kí bẹ́ńṣì àti àga wọn jókòó sílé. Ẹ kí gbogbo òbí, ẹ sì kí àwọn ọmọ tí mo fi sílẹ̀ láìparí ìwé wọn. Ẹ ní mo tọrọ àforíjì.

Èmi ni ọmọ yín, tíṣà Kẹ́místírì yín tẹ́lẹ̀,
Fọlákẹ́.