Agbada Yìnyín Eliseo

Eliseo, ọmọ mi, ọdún mẹ́rin rèé tí o lọ. Wọ́n ní kí èmi Domitila máa gbàgbé díẹ̀díẹ̀. Mi ò gbàgbé, mi ò sì ní gbàgbé.

Oòrùn Texas ò mọ ọmọdé. O dé akoto, o ń sáré lórí pápá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbá mú, àfi bí o ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pe Treviño, kóòṣì tó ń kọ́ yín, ní ìyá àgbà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwàdà rẹ tún ti dé. Kì í ṣe àwàdà. Ooru ló ti da orí rẹ rú. Nígbà tí o ṣubú, bàbá mi, bàbá àgbà rẹ tó wá wòran, ní omi tútù kì í kan ara tó gbóná, ni wọ́n bá da aṣọ bò ọ́. Kí ọkọ̀ ilé ìwòsàn tó dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Àbúrò rẹ Maribel ti ga jù mí lọ. Bàbá rẹ ti parí yàrá tó bẹ̀rẹ̀ fún ọ, kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ ni dókítà sọ fún mi pé omi yìnyín ni ì bá gbà ọ́ là. Èmi ra agbada ńlá tí màlúù fi ń mumi. Gbogbo ọjọ́ ìgbáradì ni mo ń kó omi àti yìnyín kún un létí pápá. Treviño ní, "Màmá Eliseo, ẹ gbé e kúrò, ẹ ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ mi." Mo ní kí ẹ̀rù bà wọ́n.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹsẹ̀ Rubén ò dúró nílẹ̀ mọ́, Rubén tó rẹ́rìn-ín jù lọ lọ́jọ́sí. Mo bi í pé kí lorúkọ rẹ̀, ó ní ológbò òun ti jẹun. Wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín. Mo já akoto lórí rẹ̀, Maribel gbé ẹsẹ̀, mo gbé apá, a rì í sínú yìnyín dé ọrùn.

Bàbá mi pariwo pé, "Domitila, o fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ! Yọ ọ́ jáde!"

Mo ní, "Bàbá, ẹ ti gbà wá nímọ̀ràn yẹn rí."

Mo di orí rẹ̀ mú, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Kí ọkọ̀ tó dé, ó lajú. "Màmá Eliseo, kí lẹ fi mí ṣe? Òtútù ń pa mí o." Mo sunkún níbẹ̀, ojú ò tì mí.

Treviño ò tíì dúpẹ́. Kó máa wò. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, bàbá mi ló ń da yìnyín sínú agbada nígbà tí mo dé pápá. Kò wojú mi; mo gbé garawa omi, mo ń dà á sí i.

Àárò rẹ ń sọ mí, Eliseo. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ẹni tó bá ní kí agbada rẹ kúrò níbẹ̀, kó wá gbé e tòun ti èmi nínú rẹ̀.