Páwà Tí O Fi Ránṣẹ́ Sí Ilé-ń-rìn

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé àwọn tó ń gbé lókè yàrá yín ti ń jẹ́ kí o rí oorun sùn? Ọlọ́run tó bá ọ ru ẹrù dé ìlú ńlá yóò bá ọ sọ̀ ọ́, ibi tí o bá dojú kọ, ire ni yóò pàdé rẹ níbẹ̀. Bí o bá ń bèèrè tiwa, a dúpẹ́, ẹnu ń jẹ, ẹsẹ̀ ń rìn, àfi èjìká ọ̀tún mi tí kò yéé yọ mí lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ èjìká yìí náà ló jẹ́ kí o sọ pé bí a kò bá fi páwà tó ń mú kí sítíárìn fúyẹ́ sí Ilé-ń-rìn, kí n tà á. Ta ni yóò tà á? Èmi! Ọkọ̀ tí a gbé ibùsùn àti sítóòfù sí nínú, tí ìyá rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ rán kọ́tìnnì fún! O ṣáà mọ̀ pé ní gbogbo àdúgbò yìí, èmi nìkan ló lè yí sítíárìn rẹ̀. Géńdé ọkùnrin ti gbìyànjú, wọ́n làágùn títí, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n fi ń pè mí ní Apá Irin, n kò sì ní oyè mìíràn láyé.

Mẹkáníìkì gba páwà tí o fi ránṣẹ́, ó tú abẹ́ sítíárìn palẹ̀, ó dè é mọ́ ibẹ̀. Mo rò pé yóò tóbi bí ẹ̀rọ ìlọta, àṣé kò ju agolo mílíìkì lọ. Mo bi í pé kí ni nǹkan yìí ń jẹ, ó ní ara bátìrì ló ti ń jẹun. Láti ìgbà náà ni mo ti ní kí ìyá rẹ má tan rédíò inú ọkọ̀ mọ́, nítorí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ agbára kò yẹ kó máa bá rédíò du oúnjẹ. Bí a bá sì ti dúró, mo máa ń kí i kú iṣẹ́, kó má baà rò pé aláìmoore ni wá.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ àkọ́kọ́, háà! O rántí bí a ti máa ń ṣe bí a bá dé kọ́nà: èmi á di sítíárìn mú, ìyá rẹ á dìde lórí àga rẹ̀, á gbá ẹ̀gbẹ́ kejì mú, màá ní ó yá, àwa méjèèjì á sì fi gbogbo agbára wa fà á. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ní kọ́nà ilé télọ̀. Ọkọ̀ pòyì bí òkòtó, ó wó ọgbà télọ̀, ó já okùn aṣọ, ṣòkòtò oníbàárà kan sì bo gíláàsì iwájú pátápátá. Kò sẹ́ni tó farapa, àfi ṣòkòtò. Télọ̀ ní òun ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa, ṣùgbọ́n kí a tún ọgbà òun ṣe, torí náà jọ̀wọ́, bá wa wá owó pákó.

Ìyá rẹ ní ó tó gẹ́ẹ́, kí n bọ́ sílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, torí kò wa ju ọkọ̀ kékeré ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ rí. Ọmọ mi, ọwọ́ kan ló fi wa Ilé-ń-rìn jáde, ó ń fi ìkejì tún awò ojú rẹ̀ ṣe! Àwọn ará àdúgbò pàtẹ́wọ́, òun ni wọ́n sì ń pè ní Apá Irin báyìí. Ó dùn mí, n kò ní purọ́ fún ọ. Ó dùn mí wọra.

Ní báyìí, ó ti kó ẹrù sọ́kọ̀, ó ní ọ̀dọ̀ rẹ lòun ń bọ̀, kí àwa méjèèjì jọ wá. Mo ní láéláé, n kò ní jókòó bí èrò nínú ọkọ̀ ara mi. Nítorí náà, fi owó bọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sí mi, màá dá wá ní tèmi. Ó ń fọn fèrè níta bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Mo ti ní kó máa lọ, kò lọ. Ó tún ti fọn ọ́n. Mo yọjú lójú fèrèsé, ó ti ṣí ilẹ̀kùn kejì, ó ń fi aṣọ nu àga ibẹ̀, bí ìgbà tí àlejò pàtàkì ń bọ̀.

Fi owó bọ́ọ̀sì yẹn sílẹ̀, ọmọ mi, ti pákó nìkan ti tó. Ọlọ́run yóò fún ọ ní ẹni tí yóò kọ̀ láti lọ láìsí ìwọ. Jẹ́ kí n sáré wá bàtà mi, èmi fúnra mi ni n ó fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ