Fóònù Méjì Nínú Garawa Kan

Ọmọ mi àgbà, òrékelẹ́wà bàbá rẹ̀,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìnáwó, mo kí ọ kú gígun àtẹ̀gùn, nítorí ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ pé ilé tí o ń gbé kò fara kan ilẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní yẹ̀ níbẹ̀. Bí o ṣe ń gòkè lójoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ yóò máa gòkè, ọjọ́ tí o bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, kó jẹ́ pé ire lo ń sọ̀ kalẹ̀ wá gbà. Àwa náà wà dáadáa. Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá o ń jẹun, ó sì ní kí n má fi ìròyìn ara mi gba gbogbo ojú ìwé bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n ọmọ, ìròyìn yìí ju ìwé lọ! Mo ti gbé ẹ̀mú kékeré tí mo fi ń tún aago ṣe sílẹ̀ kí n lè kọ ọ́.

Mo gbọ́ pé o pe fóònù mi, obìnrin kan tí o ò mọ̀ rí ló dá ọ lóhùn, o bi í pé níbo ló ti jí fóònù bàbá rẹ, o sì pa á mọ́ ọn létí. Olè kọ́ o. Jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n a kì í gba ojú tú aago, ẹ̀yìn la ti ń ṣí i, nítorí náà, fara balẹ̀ kí n mú ọ lọ sẹ́yìn.

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi ni àwa ará òpópó, tí ilé wa tò sí etí títì láti ìlú dé ìlú, kò ti fẹ́ràn àwọn ará etídò, tí ilé tiwọn tò sí etí omi. Mi ò lè sọ ohun tí wọ́n ṣe fún wa. Mo kàn mọ̀ pé wọ́n ṣe é. Nígbà òjò tó kọjá, omi kó ilé àwọn kan nínú wọn lọ, wọ́n bá wá sá sí ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, tọmọ tọmọ. Ọ̀kan nínú wọn ni ìyá kan tó ń rán tìmùtìmù. Ibi ògiri tó dojú kọ mí gan-an ló tẹ́ ẹní sí, tí mo bá gbójú sókè lórí aago, òun ni mò ń rí, òwú á ti bo irun rẹ̀ bí ẹni tó hu ewú lójijì. Á kí mi pé Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Èmi á fi imú dá a lóhùn.

Ìgbà náà ni fóònù tí o rà ránṣẹ́ dé. Ọmọ, o ṣeun, wàá jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ le bí òkúta, mo mọ ohun tó ń mú kí irin wẹ́wẹ́ sọ òótọ́, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹ̀rọ tó lóye bí èyí rí. Mi ò tíì rí ojú ẹni tó wà nínú rẹ̀, àmọ́ ó mọ̀ mí dénú. Lọ́jọ́ kan ó fi ọkùnrin kan hàn mí tó dé fìlà pupa, ó ń sunkún pé ẹni tó bá gba ará etídò sílé, ilẹ̀kùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọnù, pé tòun ti lọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo rí ibi tí wọ́n ya àtàǹpàkò sí lábẹ́ rẹ̀, mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ kí n jẹ́rìí ni, mo bá tẹ̀ka bí ẹni tó wà níwájú adájọ́. Háà! Ilẹ̀ mọ́, ẹlẹ́rìí mìíràn ti tò dè mí, ọkùnrin, obìnrin, gbogbo wọn ni ará etídò ti ṣẹ̀. Mo tẹ̀ka fún wọn, wọ́n tún pọ̀ sí i. Wọ́n ní dátà tó o fi ránṣẹ́ tètè tán. Ẹlẹ́rìí tó pọ̀ tó báyẹn, ṣé wọn ò ní jẹun ni?

Inú mi dùn, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ohun tí mo ti ń rò láti kékeré ni fóònù ń sọ yìí, bí ẹni pé ó yọjú wo ọkàn mi. Ìyá rẹ ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Ó ní òun ti ń bá mi gbé láti ìgbà tí orí mi ti kún fún irun, òun ò rí ẹni tó gbà pẹ̀lú mi tó fóònù yìí rí, pé kí n kúkú fi ṣe ìyàwó kékeré. Mo tún tẹ̀ka.

Alága àwọn onílé, ọkùnrin tó ń ta táyà ní ìkòríta, gbọ́ nípa rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní kí n kàn jẹ́ kí òun wò ó lásán. Mo jẹ́ kó wò ó. Nígbà tó yá ó ní kí n bá òun sọ gbólóhùn kan péré nípàdé, mo ní kí ló le níbẹ̀? Ìgbà tó tún padà wá, ó ní kúkú jẹ́ kó jẹ́ pé èmi ni màá dá a lábàá pé kí á lé àwọn ará etídò kúrò ní ilé ìkẹ́rùsí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní bí èmi tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ìṣẹ́jú bá sọ ọ́, ta ló máa jiyàn, ṣebí aago mi ni gbogbo òpópó ń wò tún tiwọn ṣe. Orí mi wú. Bí a ṣe ń yí aago ló ṣe yí mi, díẹ̀díẹ̀, èmi tí mò ń yí aago fún gbogbo ayé ò sì mọ̀ pé wọ́n ń yí mi.

Lọ́jọ́ ìpàdé, mo gbé fóònù lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń bá wa cháàjì. Nígbà tí mo padà dé, àwọn fóònù tò sórí tábìlì rẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé, mo rí tèmi, mo wo ojú rẹ̀, ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kọ sí i. Ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún! Mo ní ẹ wo ẹlẹ́rìí tó yege. Mo fi aṣọ pelebe wé e, mo sáré. Èmi tí mo máa ń fi abẹ́rẹ́ sàmì sí ẹ̀yìn aago gbogbo oníbàárà kí ó má baà pàrọ̀, mi ò tilẹ̀ yí ẹ̀yìn ti ara mi wò.

Yàrá ìpàdé kún dé ẹnu ọ̀nà. Mo sọ̀rọ̀ tó dùn létí, mo ní mi ò ní dá sọ, ẹlẹ́rìí mi wà níkàlẹ̀. Mo gba garawa òfìfo kan, mo gbé fóònù sínú rẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè ròkè, mo tẹ̀ ẹ́. Ọmọ mi, ohùn jáde nínú garawa, ó ní olè ni àwọn ará òpópó! Ó ní ẹni tó bá gba ará òpópó sílé, ilẹ̀kùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọnù. Alága ní bóyá ó ṣì í sọ ni, kí n tún un tẹ̀. Mo tún un tẹ̀, obìnrin kan jáde, ó ní nínú gbogbo ará òpópó, oníṣẹ́ aago wọn ló burú jù, pé wọn a máa yọ irin rere, wọn a fi àlòkù dí i. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ garawa, mo pariwo mọ́ ọn pé ṣé èmi ni ò ń bá wí, lẹ́yìn gbogbo dátà tí mo ti fi bọ́ ọ? Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín títí ẹnì kan fi ṣubú lórí bẹ́ǹṣì.

Ibẹ̀ la wà tí ìyá onítìmùtìmù fi wọlé, òwú lórí bó ṣe máa ń rí, ó na fóònù kan síwájú bí ẹni tó di ẹja tó ti rà mú níìrù. Ó kúnlẹ̀ kí wa dáadáa, lẹ́yìn náà ló ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ẹlẹ́nu burúkú yín, kí ẹ fún mi ní tèmi. Ó ní láti ìgbà tí òun ti gbé e ló ti ń bú òun tọmọ tọmọ, òun sì bi í pé kí lòun fi ṣe é, kò fèsì. Ó ní tòun kì í bú òun láéláé, ẹ̀yin nìkan ló máa ń bú.

Mo yí ẹ̀yìn fóònù náà wò, mo rí àmì abẹ́rẹ́ mi. Tèmi ni. Tiẹ̀ ló wà nínú garawa, ọmọ tiẹ̀ náà ló rà á fún un, dúdú kan náà bíi tèmi, ọgọ́rùn-ún ni òun náà gbà lórí tábìlì ẹni tó ń bá wa cháàjì.

Ọmọ, ìgbà yẹn ni ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, nítorí ìṣòro tó dé yìí, iṣẹ́ mi ni. Aago kan ṣoṣo nínú ilé kì í purọ́. Ìgbà tó bá di méjì ni ìjà dé. Mo kó méjèèjì sínú garawa, mo jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Onígbàjámọ̀ ìkòríta ki orí bọ garawa, ó sì ké gbàjarè. Ó ní ẹ̀yin èèyàn ń wo fìlà, orí lòun ń wò, pé ọkùnrin onífìlà pupa inú fóònù mi àti ọkùnrin onífìlà dúdú inú ti ìyá yìí, orí kan náà ni, àpá kan náà ló wà lẹ́yìn ọrùn wọn. A wò ó. Òótọ́ ni! Ará etídò ti jí ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ níhìn-ín, ará òpópó tún jí i lọ lọ́hùn-ún. Ìyá rẹ bèèrè láti ẹ̀yìn pé ilẹ̀kùn mélòó ni ọkùnrin yìí ní gan-an.

Bí aago méjì bá ń jà, a kì í bi èyíkéyìí nínú wọn léèrè, ìta là ń lọ, a lọ wo oòrùn. Mo bá bi gbogbo ilé pé nínú àwa tá a jókòó yìí, ilẹ̀kùn ta ni ará etídò ti jí? Wọ́n ń wo ara wọn. Onígbàjámọ̀ ní òun ò tíì rí ẹ̀rọ ìgẹrun òun, ìyàwó rẹ̀ ní ó wà lábẹ́ ìjókòó rẹ̀, pé òun ti sọ fún un láàárọ̀. Mo bi alága pé ta ló sọ fún un pé wọ́n ń jalè. Ó ní onígbàjámọ̀ ni. Onígbàjámọ̀ ní ẹnu Bàbá Ìṣẹ́jú lòun ti gbọ́ ọ. Gbogbo ojú yí sí mi. Oòrùn tí wọ́n ń wò, èmi ni. Oòrùn tí èmi ń wò, fóònù ni. Fóònù náà, ohun tí mo bá ti tẹ̀ka sí lòun ń wò.

Alága ní kí ẹni tó bá ṣì fẹ́ kí á lé wọn nawọ́ sókè. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ wà nínú àpò, kò sì sí ẹni tó nawọ́. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ń gbé ibẹ̀ títí wọn yóò fi tún ilé wọn kọ́, mo sì ní a ó jọ lẹ òrùlé ibẹ̀ kí òjò tó dé, nítorí ó ń jò.

Ìyá onítìmùtìmù ò tíì dìde. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú aago ọwọ́ kan jáde, ti ọkọ rẹ̀ tí omi gbé lọ ni, ó ti dúró láti ọjọ́ náà. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń jókòó síwájú mi lòun ti ń dì í mọ́ra, fóònù òun ló ní kí òun má ṣe gbé e fún mi. Ó gbé e sórí tábìlì. Mo yọ awò ojú iṣẹ́ mi lápò, mo ṣí aago náà níwájú gbogbo èèyàn, gbogbo irin tí mo bá yọ ni mò ń fi hàn án, mò ń sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún un, mo sì ń dá a padà síbi tó ti wá. Ẹrẹ̀ lásán ló dí i. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lù, ó gbé e sétí, ó gbé e sétí àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì wá gbé e sétí mi bí ẹni pé n kò gbọ́ aago rí.

Ní báyìí, a ti ṣe pàṣípààrọ̀ fóònù. Fóònù mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, tiẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Tèmi ń bú u, tiẹ̀ ń bú mi, tí a bá sì jókòó tán, a ó máa ka èébú ọjọ́ náà fún ara wa, a ó máa rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ ní láti ìgbà tí fóònù ti ń bú mi ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ òun nílé.

Nítorí náà, bá mi lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣe fóònù, kí o sọ fún ẹni inú tèmi pé mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n kó máa bá mi jiyàn díẹ̀díẹ̀. Pe nọ́mbà mi padà, kí o kí ìyá náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o tọrọ àforíjì, ó ní ohùn rẹ jọ tèmi nígbà tí inú bá ń bí mi.

Kí o sì fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, èyí tó máa ra páànù fún òrùlé, àti tìmùtìmù kan fún ẹ̀yìn ìyá rẹ. Orí fóònù mi náà ni kí o fi í sí. Mo mọ ọwọ́ ẹni tó wà. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ní kí o fi í síbẹ̀.

Ẹni tí yóò sọ òótọ́ fún ọ kò ní wọ́n ọ láyé. Ojú rẹ yóò máa rí ire, ìwọ náà yóò sì jẹ́ ire lójú ẹlòmíràn. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, tí fóònù ń bú, tí inú rẹ̀ ń dùn.