Orúkọ Tí Yóò Ṣáájú Lára Òkúta Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìsinmi o. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn kí èèyàn máa yí ọ̀rọ̀ po, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dé ibí. Ọmọ yín ọkùnrin wá sí Ìbàdàn. Kì í ṣe ọmọ tí ẹ bí. Dílíìpù ni mò ń wí, ọmọ Íńdíà tí ẹ máa ń pè ní Àkànní, tí ẹ kọ́ ní ìṣirò ní pálọ̀ wa ní Baṣọ̀run títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ọ̀nà ilé bàbá tirẹ̀ ní Bódìjà. Inú mi ò dùn sí wíwá rẹ̀, ẹ̀yin nìkan ni mo sì lè sọ ọ́ fún.

Íńdíà ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ gbé e wá ní kékeré nígbà tó gba iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yin méjèèjì sì di ọ̀rẹ́. Ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ. Ní ọ̀sán, bí ẹ bá ti bọ́ bàtà, tí ẹ ṣan ṣọ́ọ̀kì kúrò lọ́wọ́, orúkọ rẹ̀ ni ẹ máa ń kọ́kọ́ pè. Bí màmá mi bá gbé ẹran kalẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ mú, torí ẹ ní ẹ̀gbọ́n mi ni. Èmi nìkan ni ẹ bí. Kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀gbọ́n ṣe?

Ṣé ẹ rántí kọ̀ǹpútà àlòkù tí ẹ rà ní Dùgbẹ̀? Ẹ̀yin àti òun ni ẹ jọ tú u palẹ̀ sórí tábìlì oúnjẹ, ó sì pẹ́ kí a tó tún rí ibi jẹun. Èmi a dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, mo ń wo ẹ̀yìn orí yín. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ náà tan, ẹ gbá a mọ́ra, ẹ wá rántí mi pé kí n bu omi wá fún un. Mo bù ú wá, mo sì kúnlẹ̀ gbé e fún un.

Mo mọ̀ pé a kì í yin ọmọ ẹni lójú ara rẹ̀, pé ọmọ aládùúgbò là ń yìn kí tiwa lè ta kìjí. Ṣùgbọ́n bàbá mi, mo ti ta kìjí tán, ẹ ò sì dẹ́kun.

Ó lọ kàwé ní Amẹ́ríkà. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ iṣẹ́ lásán tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, wọ́n fi í ṣe olórí ẹ̀ka, lẹ́yìn náà ó lọ gba ilé-iṣẹ́ kan tó ti fẹ́ kógbá sílé, ó sì gbé e dìde. Òun ni ọ̀gá àgbà rẹ̀ báyìí. Ètò tí wọ́n ń ṣe ni àwọn báńkì ń lò káàkiri ayé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Agbowó máa ń wo fídíò rẹ̀ lórí fóònù. Bí iná bá lọ, tí mo bá ń fa okùn jẹnẹrétọ̀, ohùn rẹ̀ ni mò ń gbọ́ lẹ́yìn mi. Kọ̀ǹpútà ni èmi náà fi ń jẹun, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń wo fídíò tèmi.

Nínú ọ̀kan, ó ní olùkọ́ kan ní Ìbàdàn ló kọ́ òun pé bí iṣẹ́ bá dojú rú, kí èèyàn gbé bírò sílẹ̀, kó mumi, kó tó wá ibi tí ẹsẹ̀ ti yẹ̀. Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n kò dárúkọ ẹni tó ń bu omi.

Yunifásítì ló pè é wá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó yà sí Baṣọ̀run, irun rẹ̀ ti funfun, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàbá Ìjokòdó, àbúrò yín, tí mo pè kí wọ́n wá bá mi jókòó. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí fún. Ó ti gbọ́ pé mo ń ṣe òkúta fún ibojì yín, àti pé ọkùnrin tó ń gbẹ́ ẹ ní Ẹlẹ́yẹlé ti dé ibi tí yóò kọ orúkọ ọmọ sí. Ó ní kí n jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun mọ́ tèmi.

Mo ní rárá. Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, àmọ́ rárá ni. Ó ní kí wọ́n kọ tòun sísàlẹ̀ pátápátá, kó kéré. Kí n tó dáhùn, Bàbá Ìjokòdó ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ní bí kì í bá ṣe ọmọ, kí ló ń wá lára òkúta? Bó bá sì jẹ́ ọmọ, òun ni ẹ̀gbọ́n, orúkọ rẹ̀ ni yóò ṣáájú. Wọ́n ní àwọn ò ní gbọ́ ọ pé nínú ẹbí tàwọn ni àbúrò ti gun orí ẹ̀gbọ́n, kí àwọn tó ń kọjá má baà ní wọn ò kọ́ wa nílé. Kí n yan ọ̀kan.

Ẹ wo ọ̀rọ̀. Èmi tí ẹ bí, èmi ni n ó wà nísàlẹ̀ lára òkúta bàbá mi. Ta ló ń wẹ̀ yín nígbà tí ọwọ́ yín ò gbé kóńkó mọ́? Ta ló ń sùn sórí ìjókòó ní ọsibítù? Dílíìpù kàn máa ń pè yín lórí fóònù ní ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni, ẹ ó sì rẹ́rìn-ín débi pé eyín àtọwọ́dá yín á fẹ́ jábọ́. Ẹ kì í bá èmi rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ láti Ajé títí dé Àbámẹ́ta.

Ó jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, síbi tí a sin yín sí. Mo tẹ̀ lé e, kì í ṣe torí àánú, mi ò fẹ́ kó dá wà pẹ̀lú yín ni. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó sì fi Yorùbá Ìbàdàn tí ẹnu rẹ̀ ò tíì gbàgbé sọ fún mi pé nígbà tí bàbá òun kú ní Íńdíà, ilé-iṣẹ́ òun ń ra ilé-iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, òun sì dúró kí àwọn lè tọwọ́ bọ̀wé. Kó tó débẹ̀, wọ́n ti sun òkú gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ ló tan iná tó yẹ kí òun fọwọ́ ara rẹ̀ tàn. Wọ́n da eérú sódò. Kò sí ibojì tó lè lọ, kò sí òkúta. Kò sí ibì kankan láyé tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọmọ ẹnì kan ni.

Kí n má parọ́ fún yín, inú mi kọ́kọ́ dùn. Wọ́n ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Mo sin bàbá tèmi, gbogbo ipò ọ̀gá àgbà rẹ̀ kò sì lè fún un ní ìyẹn. Mo wò ó níbi tó ti ń fi àtàǹpàkò nu iyẹ̀pẹ̀ lára bàtà rẹ̀, ìdùnnú náà ò sì lè dúró.

Lọ́jọ́ kejì mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ẹlẹ́yẹlé. Mo ní kí ọkùnrin náà kọ Dílíìpù Àkànní ṣáájú. Ó wò mí, ó béèrè bóyá àkọ́bí yín ni lóòótọ́. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni. Mi ò pè é bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, ó sì korò lẹ́nu mi.

Mo ṣì ń jowú rẹ̀ o, bàbá mi, ẹ má rò pé ó ti tán. Ṣé ẹ fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ ni? Ṣé ẹ mọ̀ pé mo ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn?

Ẹ sùn ire. Mo fẹ́ràn yín.

Èmi ni,
ọmọ yín kejì, tó sin yín.