Tíkẹ́ẹ̀tì Tó Wà Lápò Bùbá Yín

Bàámi àtàtà,

Mo kí yín o, bí ìkíni bá ń dé ọ̀hún.

Àná la pín aṣọ yín. Màmá ò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àpótí yín àfi ìgbà tí ogójì ọjọ́ pé. Etí ìró wọn ni wọ́n so kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ mọ́ látọjọ́ tí a ti sin yín, ẹ sáà mọ ìyàwó yín. Bùbá tí ẹ wọ̀ lọ sí ọsibítù ló kàn mí. Mo tọwọ́ bọ àpò ẹ̀, mo bá tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ẹ ká a kékeré bí ìwé oògùn. Háà, Bàámi! Ẹ ò tíì jáwọ́?

Mo rò pé ẹ ti jáwọ́ látọjọ́ tí ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Okokomaiko. Ẹ tò sórí ìlà láàárín àwọn ọmọkùnrin, ẹ ń rẹ́rìn-ín sí mi láti ẹ̀yìn wọn. Èmi tó jẹ́ pé tíkẹ́ẹ̀tì ni mò ń tà jẹun, mo pariwo mọ́ yín lójú gbogbo wọn, mo fi mọ́ṣáláṣí àti irùngbọ̀n funfun bú yín. Ẹ tún fìlà yín dé, ẹ forí lé ọ̀nà Ìbà. Ẹyin lọ̀rọ̀ lóòótọ́. Tèmi ti fọ́ látọjọ́ náà. Àṣé Ajangbadi lẹ wá ń lọ, sí ẹ̀ka wa tí orúkọ ẹ̀ wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì náà, kí n má baà rí yín.

Láàárọ̀ yìí mo fi tíkẹ́ẹ̀tì náà sí ẹ̀rọ. Bọ́ọ̀lù mẹ́fà lẹ mú, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló wọlé! Owó tó lè san rẹ́ǹtì Màmá fún odidi ọdún kan. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti lọ lórí ẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni wọ́n ń fún ẹni tó bá jẹ kó fi wá gbowó. Ogójì làwa ń kà nílé. Mo bẹ máníjà títí. Ó kàn yí tíkẹ́ẹ̀tì náà padà, ó nàka sí lẹ́tà wínníwínní tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Kí ni mo fẹ́ wí? Èmi náà ti nàka sí i fún àìmọye èèyàn. Ìyá kan wá láti Ìbà lọ́dún tó kọjá, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ wọn tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ ni wọ́n mú wá, mo sì dá wọn padà láìgbójú sókè. Àmọ́ ṣé ó dáa, Bàámi? Owó ẹni tó bá pàdánù, tiwọn ni títí láé. Owó ẹni tó bá jẹ nìkan ni ọjọ́ ń lọ lórí ẹ̀. Ta ló ṣe irú òfin yìí?

Kì í tilẹ̀ ṣe owó yẹn ló ń pa mí lẹ́kún. Sátidé ni wọ́n gbá àwọn bọ́ọ̀lù náà, ó ku ọjọ́ kan kí ẹ lọ. Ẹ gba fóònù mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ń wo èsì bọ́ọ̀lù lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè yín ń mì. Nígbà tó yá ẹ rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí mi ò rí lẹ́nu yín látìgbà tí àìsàn ti dé. Mo rò pé ara yín ti ń yá ni. Mo sáré lọ ra ọsàn nítorí ayọ̀.

Àṣé ẹ ti mọ̀ pé ẹ jẹ. Ọmọ yín tó ń sanwó fún gbogbo ayé jókòó tì yín, ẹ wo ojú ẹ̀, ẹ sì gbé ayọ̀ yín mì.

Ẹ forí jì mí.

Èmi ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín, tí kò yẹ kí ẹ bẹ̀rù.